Ojú Balógun

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31 Ọ́gọ́ọ̀sì

Bàbá Akínrẹ̀mí, olùṣọ́ ìjọ wa, pín iṣẹ́ lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù sí àjọ̀dún Máíkẹ́lì Mímọ́, Balógun wa, a sì gbọ́dọ̀ fọ gbogbo ilé kí ọjọ́ náà tó pé. Kò sí ohun tí a kì í fọ̀: àga, ilẹ̀, ilẹ̀kùn, agogo, títí dé ìṣó tí a ń fi fìlà kọ́. Àwọn ọkùnrin gba àgbàlá. Àwọn akọrin gba àga. Àǹtí Magdalene gba ọ̀pá àbẹ́là, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ìgbà tí a ti ń jọ́sìn nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road. Bàbá wá béèrè pé ta ló mọ ìfọ̀ jù nínú wa. Gbogbo wọn yí wo ẹ̀yìn. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ni mo jókòó síbẹ̀.

Fèrèsé méjìlá, mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì. Ti ẹ̀yìn pẹpẹ, tí àwòrán Balógun wà lára rẹ̀, kò sí nínú tèmi. Obìnrin kì í wọ inú pẹpẹ.

Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn onílé máa rán ẹni wá yẹ ilé wò. Ọdún kan péré ni wọ́n fi yá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ yìí ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, láti fi dán wa wò. Bó bá tẹ́ wọn lọ́rùn, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, River Road náà ni. Òjò máa ń jò wọ ibẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kì í sì í sinmi lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìwàásù Bàbá nígbà náà, ìdajì rẹ̀ la máa ń gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Fèrèsé mẹ́jọ ti parí. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ṣíbí ọbẹ̀ méjì nínú sódà tí a fi ń fọ aṣọ ibùsùn níbi iṣẹ́, fóòmù rírọ̀. Pupa inú gíláàsì náà kò ṣí, búlúù kò ṣí. Àǹtí mi Ìbíwùmí, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ní, "Bí o bá já bọ́ lórí àkàbà yẹn, mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún ìyá ẹ o. Màá ní ò ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò ni."

Iṣu kan ní Heathway ti di pọ́n-ùn mẹ́jọ. A jẹ ráìsì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà lọ́kàn mi.

Èmi nìkan ni mo wà nínú ilé náà. Àwa obìnrin méjì ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wa, èmi àti Àǹtí Magdalene. Mo parí fèrèsé kejìlá ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Omi ṣì kù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Oòrùn yọ, ó gba àárín àwọn òpó òkúta wọ̀nyẹn tí orí wọn là bí imọ̀ ọ̀pẹ títí dé àjà, mo sì rí i pé èéfín àbẹ́là wa ti ọdún kan ti bo Balógun. Àwọn fèrèsé yòókù mọ́. Tiẹ̀ nìkan ló dọ̀tí.

Wòlíì Sámúẹ́lì ni wọ́n fún ní ti pẹpẹ. Orúnkún rẹ̀ kò lè gun àkàbà. Gbogbo wa mọ̀ pé kò ní fọ̀ ọ́.

Mo bo orí, mo kúnlẹ̀, mo wọ inú pẹpẹ.

Òkè fèrèsé náà ṣóńṣó bí orí ọ̀kọ̀. Balógun dúró lórí ọrùn dírágónì, idà lọ́wọ́ ọ̀tún, òṣùwọ̀n lọ́wọ́ òsì. Ojú rẹ̀ ni mo nífẹ̀ẹ́ sí láti ọjọ́ tí a ti kó dé. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò wù ú, tó sì jẹ́ ẹ. Mo dán omi wò lára aṣọ pupa rẹ̀ nísàlẹ̀. Kò ṣí. Mo gòkè. Mo nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Omi tó ṣàn bọ̀ sí apá mi dúdú, inú mi sì dùn pé èéfín ló ń jáde. Nígbà tí mo fi aṣọ gbígbẹ nù ún, mo rí àwo tẹlifíṣọ̀n tó wà lára ògiri ilé òdìkejì gba inú gíláàsì náà.

Ojú méjèèjì ti lọ. Imú ti lọ. Ẹnu ku ìlà kan ní apá òsì.

Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Mo da omi náà sí kòtò ẹ̀yìn ilé. Lẹ́yìn tí mo dà á tán ni mo tó rò ó pé inú omi yẹn ni ojú rẹ̀ wà.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àǹtí Ìbíwùmí ló rí i. Òun ló ń darí akọrin. Ó gbójú sókè láti gba ohùn, orin sì já mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wọn dúró níwájú pẹpẹ nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà, wọ́n ń wo òkè.

Bàbá bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Ayọ̀mikún, ṣé o fọwọ́ kan ibí yìí?"

Mo ní, "Mo fọ ti ẹ̀gbẹ́ nìkan, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Kò tún bi mí mọ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn ènìyàn máa ń gba díẹ̀ tó bá sọ gbọ́.

Ọjọ́rú, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ìsìn àánú. Ẹ̀mí gbé Wòlíì Sámúẹ́lì. Ó ní, "Mo rí obìnrin kan. Ó na ọwọ́ sí ojú Balógun." Ó tún un sọ. Kò pe orúkọ.

Mo rò pé ó máa yíjú sí mi, mo ti múra àtidìde. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti ń yí ọrùn, kì í sì í ṣe ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń yí i sí. Àǹtí Magdalene ni wọ́n ń wò. Levi ọkọ rẹ̀ kó ẹrù jáde ní oṣù kẹfà, wọn ò sì tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn tán. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu pẹpẹ ló máa ń dúró sí pẹ̀lú iná.

Òun náà wò wọ́n padà. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, bí mo bá lágbára láti pa ojú áńgẹ́lì rẹ́, ṣé kì í ṣe ti Levi ni ǹ bá kọ́kọ́ pa rẹ́?"

Èmi nìkan ni mo rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ, ó ṣẹ́jú sí mi.

Mi ò dìde.

Nínú bọ́ọ̀sì, Àǹtí Ìbíwùmí ní, "Ẹnu ẹ̀ yẹn tí ò ní bọ́tìnì, òun ló lé ọkọ ẹ̀ lọ." Mo wo ojú títì títí a fi dé Heathway.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àwọn àgbà ìjọ gba ọ̀pá àbẹ́là lọ́wọ́ Àǹtí Magdalene. Kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, kó máa jókòó lẹ́yìn, kó má wọ sùtánà títí wọ́n á fi rí i pé ọkàn rẹ̀ mọ́. Ó bọ́ sùtánà náà níbẹ̀ lójú wọn. Jínsì ló wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó fi í kọ́ ìṣó nínú yàrá aṣọ, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé mi lọ́wọ́.

"Gbà, ọmọ dáadáa. Ìwọ ló kù."

Mo gbà á.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Kò wá. Ẹlòmíràn ló tan àbẹ́là. Ó kọ́kọ́ tan ti àárín, èyí tí Àǹtí Magdalene máa ń tàn kẹ́yìn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Sẹ̀tẹ́ńbà

Lẹ́ẹ̀mejì ni mo ka aṣọ ibùsùn mọ́kàndínlógójì ní ogójì. Ramlat, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kan náà ní ilé ìfọṣọ, ní, "Ìwọ tí o máa ń ka ìrẹsì kó o tó sè é. Ọkùnrin ni, àbí kí ni?"

Mo ní gíláàsì ni.

"Mi ò tíì gbọ́ ọkùnrin tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí."

Ṣùgbọ́n òun ló júwe Rosemary fún mi, obìnrin kan tó ń tún fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ṣe. Ilẹ̀kùn mẹ́rin péré ló wà láàárín ilé iṣẹ́ rẹ̀ àti tiwa, lápá etí odò.

Ọjọ́bọ̀, 19 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo lọ ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán. Rosemary ti lé ní ọgọ́ta ọdún, òyìnbó ni, àpá gíláàsì kún ìka rẹ̀. Mo fi àwòrán méjì hàn án nínú fóònù mi, ti ìṣáájú àti ti ẹ̀yìn. Kò bú mi. Ó wò ó pẹ́, ó wá béèrè ohun tí mo fi fọ̀ ọ́. Mo sọ iye ṣíbí fún un.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ nìyí. Pupa àti búlúù wà nínú gíláàsì fúnra rẹ̀, inú iná ni wọ́n ti yọ́ wọn pọ̀, ìyẹn kì í ṣí. Ṣùgbọ́n ojú, ìka àti irun, ọ̀dà ni wọ́n fi kùn wọ́n sórí gíláàsì, kí wọ́n tó wá sun ún mọ́ ọn. Àwọn tó ṣe tiwa kò sun ún jinná. Láti bí ogóje ọdún ni ọ̀dà náà ti jókòó síbẹ̀ bí eruku, ó ń dúró de ẹni tó máa nù ún.

Mo ní, "Ṣé ẹ lè kun òmíràn?"

Ó ní òun lè kùn ún, bí wọ́n bá yọ fèrèsé náà, bí oṣù mẹ́fà, pẹ̀lú ìwé àṣẹ látọ̀dọ̀ onílé. Láìsí ìwé, òun ò ní fi ìka kàn án. "Ojú tí mo bá sì kùn, tèmi ni. Kì í ṣe tiẹ̀."

Mo ní ọjọ́ méje ló kù.

Ó kọ orúkọ ìlú kan sí ẹ̀yìn bébà, ìlú tí kàtídírà kan wà tí òun ti bá wọn tọ́jú gíláàsì wọn fún ọdún mọ́kànlá. Ó ní, "Lọ wo ojú tiwọn."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 21 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ọkọ̀ ojú irin, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo mú búrẹ́dì àti ẹyin dání.

Mi ò mọ̀ pé ilé lè ga báyẹn kó má wó. Ṣọ́ọ̀ṣì wa lè wà nínú rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Òkúta ni gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ ó dà bí ohun tó hù láti ilẹ̀. Lókè ẹnu ọ̀nà, àwọn ẹni mímọ́ tí wọ́n gbẹ́ tò lọ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Ogún ni mo kà. Mẹ́rìnlá kò ní orí.

Bàbá àgbà kan tó ń mú àlejò kiri sọ pé ìgbà kan wà tí àwọn ènìyàn wọlé pẹ̀lú òòlù. Wọ́n ní òrìṣà ni, wọ́n ní inú Ọlọ́run ò dùn sí i. Wọ́n gé orí, wọ́n fọ́ ojú gbogbo áńgẹ́lì tí àkàbà wọn dé. Lára fèrèsé, gíláàsì lásán ni wọ́n fi dí ibi tí ojú ti sọnù. Wọn ò kun òmíràn. Àwọn àlejò ń ya fọ́tò rẹ̀. Mo bi bàbá náà pé àwọn wo ló fọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní a ò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn.

Mo jókòó títí ó fi kù díẹ̀ kí ọkọ̀ mi lọ. Àwọn yẹn fi òòlù ṣe tiwọn, inú ń bí wọn. Èmi fi fóòmù ṣe tèmi, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Bákan náà ni ojú náà rí. Orúkọ tiwọn ti sọnù. Tèmi wà níbẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè dípò rẹ̀.

Màá sọ fún Bàbá lọ́la.

Ọjọ́ Àìkú, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò láti àárọ̀. Mo dúró de Bàbá nínú yàrá aṣọ, níbi tí sùtánà Àǹtí Magdalene wà lórí ìṣó. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀: pẹpẹ, sódà, ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Bàbá jókòó. Etí ẹ̀wù rẹ̀ tutù.

Ó ní, "Ṣé o ka ìwé àdéhùn?"

"Rárá, Bàbá."

"Ojú ewé kẹrin. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi omi tàbí ọṣẹ kan àwọn fèrèsé. Mo kà á nípàdé. Gẹ̀ẹ́sì ni, gbogbo yín ń ṣe àmín. Èmi náà ò rántí nígbà tí mo ń pín iṣẹ́."

Mo rántí. Èmi náà ṣe àmín.

Ó fi ọwọ́ nu ojú. "Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, àárín wa ni ọ̀rọ̀ náà wà. Bó bá jẹ́ ọṣẹ, a ti ṣẹ̀ sí ìwé nìyẹn. Wọ́n á lé wa."

"Àǹtí Magdalene ńkọ́, Bàbá?"

Ó ní, "Magdalene lágbára. Lẹ́yìn Ọjọ́bọ̀, a ó pè é padà. Ìdílé ọgọ́rin ló wà nínú ìjọ yìí, ọmọ mi. Pa ẹnu mọ́ títí di Ọjọ́bọ̀."

Ó fa mí dìde, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó gbàdúrà. Ọwọ́ rẹ̀ gbóná. Ó wù mí kó bú mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo pe Àǹtí Magdalene lẹ́ẹ̀mẹta. Kò gbé e. Òjò kò dá.

Ọjọ́bọ̀, 26 Sẹ̀tẹ́ńbà

Hamidah ni orúkọ ẹni tí àwọn onílé rán. Kò lè ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Òjò ti pa bàtà rẹ̀, ó bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà kí a tó sọ fún un, ìyẹn sì dùn mọ́ Bàbá. Ó yẹ òrùlé wò, ó yẹ iná wò, ó ní àwọn àga mọ́. Ó lo ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún kó tó dé iwájú pẹpẹ. Ó gbójú sókè. Ó wo ìwé àwòrán tó mú dání, ó tún wo òkè.

"Ta ló fọ èyí?"

Bàbá ní, "Kò yé àwa náà. Bí a ṣe bá a nìyẹn."

Wòlíì Sámúẹ́lì ṣe àmín.

Obìnrin náà wò yíká, ojú rẹ̀ kàn mí. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo ní, "Èmi ni."

Bàbá ò wò mí. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

Hamidah béèrè orúkọ mi, mo pè é fún un lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ó dun òun. Mo rò pé òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àjọ̀dún. Èso kún iwájú pẹpẹ, tùràrí ń rú, àbẹ́là mọ́kànlélógún. Nígbà tó di àkókò ìjẹ́rìí, mo dìde. Mi ò jẹ́rìí rí láti ọdún mẹ́rin tí mo ti dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Mo ní, "Èmi ni mo fọ ojú Balógun. Kì í ṣe Àǹtí Magdalene. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀." Mo jókòó.

Gbogbo ilé dákẹ́ tó bí ẹní kà dé mọ́kànlá. Mo kà á. Wòlíì Sámúẹ́lì wá ní, "Obìnrin kan ni mo rí. Mi ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni." Wọ́n ní àmín. Àǹtí Ìbíwùmí gbé orin, akọrin gbà á, ìjọ jó. Abẹ́ fèrèsé náà gan-an ni wọ́n ti jó.

Mo dúró kí ẹnì kan dárúkọ Àǹtí Magdalene, kó ní kí a lọ pè é. Mo dúró títí wọ́n fi pín èso tán.

Nílé, Àǹtí Ìbíwùmí ń fọ abọ́. Kò kọjú sí mi. Ó ní, "Nígbà tí o ti pa ẹnu mọ́, kí ló dé tí o ò pa á mọ́ tán?"

Mo ní kó má bínú. Mo gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń nù ún.

Ọjọ́bọ̀, 10 Ọkitóbà

Lẹ́tà dé. Kí a kó jáde kí oṣù tó parí. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n kọ: òrùlé tí a ò tún ṣe, ọkọ̀ wa tó ń dí ojú títì, fèrèsé. Bàbá kà á nípàdé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá.

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Ọkitóbà

Mo bi Bàbá pé ìgbà wo la máa lọ bá Àǹtí Magdalene. Ó ní, "Jẹ́ ká kó tán ná."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 26 Ọkitóbà

A kó tán. River Road náà ni, ilẹ̀kùn kejì sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ agérin ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni mo ti ilé náà kẹ́yìn. Wọ́n ní kí n má fọ nǹkan kan, mo gbálẹ̀ lásán. Mo wo òkè. Ìlà ẹnu yẹn ṣì wà ní apá òsì. Lẹ́yìn rẹ̀, ọkùnrin kan wà lórí àkàbà, ó ń yí àwo tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ síbòmíràn.

Sùtánà Àǹtí Magdalene nìkan ló kù nínú yàrá aṣọ. Ó ń rùn fún èéfín. Mo gbé e wálé, mo fi ọwọ́ fọ̀ ọ́, omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, kò sí sódà. Àbàwọ́n kan wà ní ọrùn, bí epo, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó gbà mí tó ìdajì wákàtí kó tó ṣí. Mo lọ̀ ọ́. Ó funfun bíi tuntun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 2 Nòfẹ́ńbà

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan ní Heathway ni Àǹtí Magdalene ń gbé. Mo gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, mo kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, kò tú ṣéènì. Ó ti gé irun rẹ̀.

"Ayọ̀mikún."

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Wọ́n ní o jẹ́rìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ọjọ́ kìíní."

"Ọjọ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ Levi, tí o rẹ́rìn-ín, o ti mọ̀."

"Mo ti mọ̀, mà."

Ó mi orí díẹ̀. "Mo délé lọ́jọ́ yẹn, mo ní ó kéré tán, ọmọ yẹn gbà mí gbọ́."

Mo na sùtánà sí i gba ibi tí ilẹ̀kùn ti là. Ó gbà á. Ó tú u, ó yẹ ọrùn rẹ̀ wò. Ó yí i sí ibi ìmọ́lẹ̀, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò, ó fi àtàǹpàkò pa ibẹ̀.

"Òróró tí ìyá mi fi yà mí sí mímọ́ kí wọ́n tó kú ló wà níbí tẹ́lẹ̀."

Mo ní, "Mo fọ̀ ọ́, mà."

"Mo rí i," ó ní, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.